Tí ọlọ́pàá bá dé ńkọ́? Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa ìwọ́de l'Abuja

Èmi kì í ṣe lọ́yà, n kì í sì í ṣe dókítà, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Kubwa. Àmọ́ ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbé báàgì omi àti báńdéèjì tẹ̀ lé àwọn tó ń wọ́de l'Abuja níbí, tí nǹkan bá ti fẹ́ máa gbóná báyìí, àwọn ọmọ Yorùbá láti Nyanya, Lugbe, Mararaba, títí dé Kaduna, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, ìbéèrè kan náà ṣá ni gbogbo wọn ń bi, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé dandan ni ká gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá?

Rárá o. Abala 40 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ. Ohun tí ọlọ́pàá máa ń fi dẹ́rù bani ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní Public Order Act, tó ní kéèyàn gba ìwé àṣẹ kó tó kóra jọ, ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe jẹ́ torí apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2003, lẹ́yìn ìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP fẹ́ kóra jọ ní Kano, ọlọ́pàá ní àwọn ò fún wọn láṣẹ, wọ́n kóra jọ náà ni, ni wọ́n bá da tajútajú bò wọ́n. Chuba Okadigbo tó ti ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà rí wà níbẹ̀, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ló kú. Ẹgbẹ́ yẹn gbé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n jàre, ọ̀gá ọlọ́pàá tún gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un lọ́dún 2007 pé kò sí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wá tọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ kó tó wọ́de.

Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 tún wá là á mọ́lẹ̀ ní abala 83, pé tẹ́ ẹ bá ti fi tó wọn létí, iṣẹ́ wọn ni láti kó èèyàn wá dáàbò bò yín. Torí náà, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kó sọnù.

Ohun kan ṣì wà níbẹ̀ o. Kọ́ọ̀tù lè ní ibi báyìí ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún 2024, Eagle Square làwọn èèyàn fẹ́ lọ, ìjọba sáré lọ gba àṣẹ kọ́ọ̀tù pé pápá ìṣeré Moshood Abiola nìkan ni. Àwọn kan gbà, wọ́n lọ síbẹ̀. Wọ́n sì yin tajútajú lù wọ́n níbẹ̀ náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń kọlù wá nígbà tí a ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan?

Torí pé ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí ìdáhùn tó gùn ju báyìí lọ àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà nìyẹn.

Mo dúró tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń jó wa bí ẹni sun iṣu. Ọ̀kan nínú wọn ti tú okùn akoto ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, òógùn ń ro tótó bọ́ sára ìbọn tajútajú tó gbé dání. Ó wò mí, ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní omi?" Mo fún un ní píọ́ wọ́tà méjì. Ó fi eyín ja ọ̀kan, ó mu díẹ̀, ó da ìyókù sí ọrùn, ó ní ẹ ṣé o, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun. A tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, rédíò ọ̀gá wọn dún, wọ́n tò, òun náà sì yìn ín lù wá. Ọ̀rá omi mi ṣì wà nílẹ̀ lẹ́bàá bàtà ẹ̀.

Mi ò pè é ní ìkà. Ẹni tó pàṣẹ fún un ò sí nínú oòrùn yẹn. Àmọ́ mò ń sọ ọ́ kó má bàa jọ yín lójú pé tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ṣe jẹ́jẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kàn yín. Wọ́n lè fọwọ́ kàn yín. Ìwọ́de aláìjà kì í ṣe oògùn tí kóńdó ò fi ní dun èèyàn.

Tí wọ́n bá wá fi kóńdó lù mí, kí ló dé tí mi ò fi lè gbẹ̀san? Ṣé mo gọ̀ ni?

Ìbéèrè yìí làwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń fi ìbínú bi mí jù. O ò gọ̀. Ṣùgbọ́n rò ó wò: ọlọ́pàá yẹn, wọ́n kọ́ ọ ní ìjà, ó ní akoto, ó ní ìbọn, ọkọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀gá tó máa gbèjà ẹ̀ náà wà. Ìwọ ní òkúta kan. Bó o bá ti sọ òkúta yẹn báyìí, ilẹ̀ ẹ̀ lo ti lọ bá a jà. Ọ̀rọ̀ owó epo tó o torí ẹ̀ kúrò nílé ti tán nìyẹn, ìròyìn alẹ́ á kàn sọ pé àwọn jàǹdùkú kọlu ọlọ́pàá, ìyá ẹ gan-an á gbà á gbọ́. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó ń ju òkúta. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó ń wò wọ́n lójú, tó ń kọrin, ìyẹn ló máa ń dà wọ́n láàmú.

Àwọn ará India ṣe é lọ́dún 1930. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe iyọ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n sì ń gba owó orí lórí iyọ̀, Gandhi wá fẹsẹ̀ rìn láti ọjọ́ 12 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin lọ sétí òkun ní Dandi láti lọ bu iyọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, àwọn èèyàn ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀ ní Dharasana, wọ́n tò, ìlà kan á rìn lọ bá ọlọ́pàá, ọlọ́pàá á fi ọ̀pá onírin là á mọ́ wọn lórí, wọ́n á ṣubú, wọ́n á gbé wọn kúrò, ìlà míì á tún rìn síwájú, ẹnì kankan ò gbé apá sókè láti gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Oníròyìn ará Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ ránṣẹ́, gbogbo ayé kà á. Mi ò ní tàn yín, India ò gba òmìnira lọ́jọ́ yẹn, ó di 1947. Àmọ́ látọjọ́ yẹn, ó ṣòro fún Gẹ̀ẹ́sì láti máa pe ara ẹ̀ ní ọ̀làjú níwájú ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá ní ti India jìn, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ńkọ́? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ìyá wa tó ń tajà lọ́jà Ẹ̀gbá, owó orí ló ká wọn lára. Nígbà tí wọn ò gbà kí wọ́n wọ́de, wọ́n ní ìwọ́de kọ́, fàájì làwọn ń ṣe. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọgbọ́n ni.) Wọ́n kọrin bú Aláké débi pé ọba Ademola fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ọba odindi! Orin ló fi kúrò láàfin, kò sẹ́ni tó gbé idà.

Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Erica Chenoweth àti Maria Stephan, jókòó ka àwọn ìjà ńláńlá tí aráàlú bá ìjọba jà láti 1900 sí 2006. Àwọn tí kò gbé ohun ìjà, nǹkan bí 53 nínú ọgọ́rùn-ún ló jàre, àwọn tó gbé ìbọn, bí 26. Ìlàjì nìyẹn o.

Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọ? Èmi tètè máa ń bínú.

Ẹ fi dánra wò nílé kẹ́ ẹ tó bọ́ sígboro. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Nashville, Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó lọ jókòó sílé oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun lọ́dún 1960, wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó sórí àga láàárín ara wọn, àwọn kan ń ṣe bí ọ̀tá, wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń tì wọ́n, wọ́n ń fẹ́ èéfín sìgá sí wọn lójú.

Àwa náà ṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kubwa lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe ọlọ́pàá. Ó fi ìwé ìròyìn tó ká lọ́po lù mí lórí, ó wá bú ìyá mi, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dìde kí n tó mọ̀, mo ti di ọwọ́ mú, bẹ́ẹ̀ eré la ń ṣe! Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ bínú jáde, ó ní òun ò lè ṣerú ẹ̀. Inú mi dùn pé ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀. A fi í sídìí omi, iṣẹ́ tó dáa náà nìyẹn, kì í ṣe dandan kí gbogbo èèyàn wà níwájú.

Kí la máa ṣe gan-an tí wọ́n bá ti tò síwájú wa?

Ẹ dúró. Ẹ má sáré. Ẹ má rìn sún mọ́ wọn débi tí wọ́n á fi lè sọ pé ẹ fẹ́ já ìbọn gbà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín hàn, òfìfo. Kí ẹnì kan péré bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó dàgbà ló dáa jù, tó gbọ́ Hausa ló tún dáa sí i, kó sì bọ̀wọ̀ fún un. Bẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ ya wọlé, ẹ jókòó, ẹ kọ́wọ́ kọ́ra. Ó ṣòro láti pè é ní rògbòdìyàn nígbà tí gbogbo yín bá jókòó sílẹ̀. Kí àwọn aláboyún, arúgbó, ọmọdé àti ẹni tó bá ní ásímà ti kúrò kó tó dà báyẹn o.

Tajútajú ńkọ́?

Ẹ jókòó tì mí dáadáa níbí torí irọ́ tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀.

Orúkọ lásán ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè é, ìyẹ̀fun kíkúnná ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ, aṣọ àti irun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ nu ojú, ńṣe lẹ tún ń fi ra á wọ ojú. Ẹ má fọwọ́ kan ojú rárá, bó ti wù kó máa ta tó.

Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. A máa ń so ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí igi pátákó, ọ̀nà tí ọ̀rá yẹn bá ń fì sí lèéfín ń lọ, ẹ̀yin ẹ gba òdìkejì tàbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ rìn, ẹ má sáré, torí tajútajú á lọ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tí atẹ́gùn wà, àmọ́ ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè má dìde mọ́.

Omi. Omi mímọ́ tó pọ̀. Ẹ dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ la ojú, kí ẹlòmíì máa da á láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ síta, kó má lọ ṣàn bọ́ sójú kejì. Píọ́ wọ́tà dáa púpọ̀ fún un, ẹ já ẹnu ẹ̀ kékeré kó máa tú jáde. Ẹni tó bá fi lẹ́ńsì sójú, kó yọ ọ́ kíákíá, tàbí kó kúkú má lò ó wá. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ síta, ẹ má gbé e wọ yàrá àwọn ọmọ, omi tútù ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi ṣan ara.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Rárá! Àwọn kan ń rẹ aṣọ sínú kẹrosíìnì fi bo imú, ìyẹn gan-an á tún ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, iná sì wà lára agolo tí wọ́n ń yìn. Mákílíìnì lábẹ́ ojú? Mo ti rí i, kò wúlò, ó tún ń ta. Òróró, Robb, baselíìnì, ẹ má fi kan ara lọ́jọ́ yẹn, ìyẹ̀fun yẹn á kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni. Mílíìkì kò sàn ju omi lọ, owó ẹ̀ sì wọ́n, ẹ fi po tíì. Aṣọ tó tutù tí wọ́n fi bo imú àtẹnu máa ń ràn èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀.

Bí mímí bá ń ṣòro fún ẹnì kan lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀, tàbí tí ojú ò ríran dáadáa, ọsibítù ni.

Ṣé ká máa ju agolo ẹ̀ padà?

Àwọn ìyá wa l'Abẹ́òkúta jù ú padà, wọ́n tiẹ̀ kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe máa jù ú. Mo kí wọn. Àmọ́ tiwa òde òní, ẹ fi sílẹ̀. Agolo yẹn gbóná bí ẹ̀yinná, ó ti bó awọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin kan lójú mi, ẹni tí kámẹ́rà bá sì ká níbi tó ti ń jù ú, òkúta ló jù lójú ọlọ́pàá.

Tó bá jẹ́ ìbọn gidi?

Ìwọ́de ti parí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ akọni. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fà lọ sẹ́yìn ògiri kọnkéré tàbí ibi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lásán ò dá ọta dúró. Nílùú Sharpeville, South Africa, ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, ọlọ́pàá pa èèyàn 69, ẹ̀yìn ni ọta ti ba púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń sá lọ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ABU ní Zaria tí wọ́n wọ́de lọ́dún 1978 nítorí kọ́bọ̀ 50 tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ, wọ́n yìnbọn lu àwọn náà. Lekki, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àsíá lọ́wọ́, orin orílẹ̀-èdè lẹ́nu. Ẹ ò ní láti kú kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú.

Tí wọ́n bá mú mi ńkọ́?

Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà lọ́yà sí apá yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ẹ má jà, ẹ má sá, ẹ pariwo orúkọ yín kí àwọn tó wà nítòsí gbọ́.

Abala 35 nínú ìwé òfin ní ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú yín fún yín láàárín wákàtí 24, lédè tẹ́ ẹ gbọ́. Tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kọ́ọ̀tù kún Abuja. Òfin ACJA tọdún 2015, èyí tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyá tàbí àbúrò yín dípò yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tẹ́ ẹ ò kà. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, ìdílé ẹ̀ lè lọ sí Legal Aid Council, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà wà ní Maitama.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri téṣàn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ògiri ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí mo lọ gba àbúrò ìyàwó mi ní téṣàn kan, abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni wọ́n ti ní kí n wá nǹkan.

Ẹ má sì mú ọmọdé lọ, mo bẹ̀ yín. Lẹ́yìn ìwọ́de 2024 yẹn, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni wọ́n kó èèyàn 76 wá sí kọ́ọ̀tù l'Abuja pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé, ọmọdé pọ̀ nínú wọn, láti Kano, láti Kaduna, ebi ti hàn lára wọn, àwọn kan dákú síwájú adájọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn pariwo ni ààrẹ tó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Àsíá Russia lọ́wọ́ àwọn kan ni ìjọba dì mú. Ta ló fún àwọn ọmọ yẹn lásìá? Àsíá ilé tiwa náà ti tó gbé dání.

Àwọn jàǹdùkú tó máa ń ya wọ àárín wa ńkọ́?

Oríṣi méjì ni. Àwọn kan, ńṣe ni wọ́n rán wọn. Àwọn Bring Back Our Girls jókòó jẹ́jẹ́ ní Unity Fountain lọ́dún 2014 nítorí àwọn ọmọbìnrin Chibok, ní ìparí oṣù karùn-ún, àwọn kan ya dé, wọ́n ju ìgò lù wọ́n, wọ́n fọ́ àga. Wọn ò jà padà, wọ́n tún wá lọ́jọ́ kejì. Ọlọ́pàá Abuja wá ní àwọn ti fòfin de ìwọ́de wọn, kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fi ní òun ò fòfin de ìwọ́de kankan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ju ìgò padà ni, ṣé ẹ rò pé ó máa lè sọ bẹ́ẹ̀?

Oríṣi kejì, ebi ló ń pa wọ́n. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ní Kano, wọ́n kó ilé kọ̀ǹpútà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fẹ́ ṣí fún àwọn ọ̀dọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, kónílé-ó-gbélé. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nǹkan, a ó jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo wa. Ẹni tó bá ṣì dúró, gbogbo ayé á rí i pé kì í ṣe tiwa.

Èmi ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kano, ṣé ó yẹ kí n dá sí i?

Owó epo ò béèrè ìlú ẹni. Àmọ́ ẹ bá àwọn aládùúgbò yín lọ, ẹ má dá lọ, ẹ sì gbọ́ Hausa tó láti mọ̀ nígbà tí orin bá yí padà.

Ṣé kí n máa ya fídíò?

Ẹ yà á, ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọjú fóònù sí, kì í ṣe ojú àwọn tẹ́ ẹ jọ wà. Ẹ fi ránṣẹ́ sílé kíákíá kí wọ́n tó gbà á.

Ṣé ó tiẹ̀ máa ń so èso kankan?

Oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n gbé epo láti náírà 65 sí 141, gbogbo ìlú dúró, ó wá sọ̀ sí 97. Kò padà sí 65. Lọ́dún 2020, wọ́n ní àwọn tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń lé adigunjalè, ká lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ó máa ń so, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń pọ́n.

Bàtà wo ni kí n wọ̀?

Inú mi máa ń dùn tẹ́nikẹ́ni bá bi mí ní èyí torí ó túmọ̀ sí pé ó ti gbọ́n. Ẹ wọ bàtà tó ní okùn, kẹ́ ẹ so ó le. Lọ́jọ́ kan tí èéfín ti lọ tán, mo padà lọ kó báàgì omi wa lójú títì, sílípáàsì ló kún ilẹ̀, mo ka mọ́kànlá, kò sí méjì tó bára mu nínú wọn. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́jọ ló kù.